Ìbọn Ìléwọ́ Tí Ìyá Arọ Fẹ́ Tà Fún Mi

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọdẹ. Ohùn mi kò lọ jìnnà mọ́. Ẹ mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí pé kí ló dé tí èmi Ọdẹ́jìnmí, tí mo pa ẹkùn nígbà tí irùngbọ̀n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, tí mo bá òjòlá jìjàkadì nínú kòtò tí mo sì gòkè wá pẹ̀lú awọ rẹ̀ léjìká, kò ní ìbọn ìléwọ́ kankan nínú ilé. Ìbọn gígùn kan ṣoṣo lẹ máa ń rí lára ògiri mi. Àwọn kan nínú yín ní ahun ni mí. Lónìí màá dá yín lóhùn. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in báyìí, nítorí iwájú ọ̀rọ̀ náà ṣókùnkùn.

Mo ní àbúrò kan, ọmọ ìyá mi, Ọdẹ́níran lorúkọ rẹ̀. Àwọn àgbà inú yín mọ̀ ọ́n. Ó ga jù mí lọ, ẹnu rẹ̀ sì dùn jù tèmi lọ. Ẹfọ̀n ló pa á nínú Igbó Ìdákẹ́, ẹfọ̀n kan tí ìwo rẹ̀ kan ti ṣẹ́, tó gba ọ̀nà odò mọ́ ìlú wa lọ́wọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọdẹ́níran yìnbọn fún un, ó sì bà á. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹfọ̀n ń ṣe bí ìbọn bá bà á tí kò kú. Kì í sá lọ. Ó máa wọ inú igbó, ó máa yí po, ó sì máa gba ẹ̀yìn bá ọdẹ. Àbúrò mi ń ki ìbọn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nígbà tó dé. Ọ̀pá tó fi ń ti ẹ̀tù wọlé ṣì wà lẹ́nu ìbọn náà nígbà tó ṣubú. A sáré gbé òkú rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n a kò rí ìbọn àti àpò rẹ̀ mú, torí pé ẹfọ̀n náà padà wá, ó sì sọ ibẹ̀ di ibùsùn.

Bí ọdẹ bá kú, ẹ mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ ṣípà rẹ̀. A máa kó ìbọn rẹ̀, àpò rẹ̀ àti ẹ̀wù ìgbẹ́ rẹ̀ lọ sí etí igbó, a máa yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́, kó lè máa lọ bá àwọn baba wa. Láìsí irin iṣẹ́ rẹ̀, kò sí ìṣípà. Ọdẹ tí a kò bá sì ṣípà rẹ̀, kò mọ̀ pé òun ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Ọdẹ́níran ṣe ń bá wa ṣọdẹ lọ. A ó ba de ẹran, a ó gbọ́ ìrìn rẹ̀ níwájú wa, ẹran á gbọ́ ọ, á fọ́n ká. Gbogbo ọdẹ ìlú ń re oko ọdẹ, wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Àwọn ọmọdé ń ru. Ìbíwùmí, ìyàwó rẹ̀, kò lè bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Ó wá bá mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀, kò sunkún.

"Bàbá, ọkọ mi tún wá."

"Kí ló wí?"

"Kò wí nǹkan kan. Ó dúró lẹ́yìn ilé. Mo gbé oúnjẹ fún un, kò wò ó. Ọ̀pá kan ló ń tì bọ ẹnu ìbọn, tó ń fà yọ, tó tún ń tì bọ̀ ọ́. Bàbá, ṣé bó ṣe máa wà nìyẹn?"

Mo lọ bá Baba Ọdẹ́tẹ̀dó, tó jẹ́ Olúọ́dẹ wa nígbà náà.

"Màá lọ mú ìbọn rẹ̀ wá," ni mo wí.

"Ta ni yóò bá ọ lọ?"

"Kò sí."

"O ti dàgbà, Ọdẹ́jìnmí."

"Ẹfọ̀n náà ti dàgbà."

Baba wo ìbọn tó wà léjìká mi. Ó ní, "Kò burú. Ṣùgbọ́n ìbọn tìrẹ náà, ọta kan ló ń yìn kí o tó tún kì í. Kí lo máa fi ṣe èkejì?" Mo ní màá rò ó lọ́nà.

N kò ní í sọ bí mo ṣe rìn. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn. Igbó Ìdákẹ́ kò ní ẹyẹ, kò ní kòkòrò, ewé rẹ̀ kì í mì bí afẹ́fẹ́ bá tilẹ̀ ń fẹ́. Mo rí ọkùnrin kan tó jókòó sórí kùkùté lójú ọ̀nà, ó kọ̀yìn sí mi, ó ń jẹ ẹ̀pà. Mo wò ó dáadáa, mo rí i pé ẹ̀yìn orí rẹ̀ ló ń ju ẹ̀pà náà sí. Ibẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ wà, pẹ̀lú eyín tó pé. Ojú rẹ̀ wà níwájú, ó ń wo ibi tí mò ń lọ.

"Ìwọ tó ń rùn bí ẹ̀tù," ni ẹnu náà wí, "dúró níbẹ̀. O ò tilẹ̀ kí mi."

"Mò ń wá ibi tí ojú yín wà ni, kí n tó kí yín."

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi ń já bọ́ sílẹ̀. "Ẹnu rẹ mú fún àgbàlagbà. Dá mi lóhùn, tàbí kí o padà sílé. Kí ló ń wọ igbó ṣáájú ọdẹ, tó tún jẹ́ pé lẹ́yìn ọdẹ ló ń jáde?"

"Òórùn ara rẹ̀, bí afẹ́fẹ́ bá ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá."

"Kí ni ẹran ń gbọ́ lára ọdẹ tí ọdẹ kì í gbọ́?"

"Àyà rẹ̀ tó ń lù."

"Kí lo máa fi pa ẹfọ̀n tí ọta kan kò lè pa?"

Mo dákẹ́. Mo wá èsì, n kò rí i. Ó jẹ ẹ̀pà mẹ́ta sí i. Ó ní, "Ó dára tí o dákẹ́. Àwọn tó fọ́nnu níbí yìí, wọ́n wà lábẹ́ kùkùté mi. Yà sí ọwọ́ òsì. Wàá gbọ́ ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ìyá Arọ ni wọ́n ń pè é, ó ń rọ ohun tí o ń wá. Ṣùgbọ́n bó bá sọ iye tó ń tà á, béèrè ẹni tó máa san án."

Mo yà. Mo gbọ́ ẹwìrì kí n tó rí iná. Abẹ́ àpáta ni àgbẹ̀dẹ náà wà, ìnàkí méjì ló sì ń fẹ́ iná níbẹ̀. Irun ti re kúrò ní ẹ̀yìn ọwọ́ àti apá wọn. Bí ọ̀kan ṣe ń tẹ ẹwìrì ló ń kùn pé, "Láti ayé ìyá ìyá mi la ti ń tẹ̀ ẹ́." Èkejì ní, "Tẹ̀ ẹ́, jàre. Ariwo ẹnu rẹ pọ̀." Obìnrin arúgbó kan dúró ti owú tí wọ́n ń lu irin lé. Ara rẹ̀ dúdú bí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù. Bó bá sọ̀rọ̀, iná a máa ta pàràpàrà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yin ará mi, mo ti rí iwin, mo ti rí ọ̀rọ̀ olórí méjì tí orí rẹ̀ kan ń bá èkejì jà, n kò sún sẹ́yìn rí. Lọ́jọ́ náà, mo sún ìṣísẹ̀ kan sẹ́yìn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá."

"O pẹ́," ni Ìyá Arọ wí. "Àbúrò rẹ kì bá ti kú ká ní o wá ṣáájú. Gba èyí mú."

Ó fa nǹkan kan yọ lábẹ́ òkúta, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Apá mi sọ̀ kalẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn gba odó mú láìmúra. Ìbọn ìléwọ́ ni. Àwọn tí mo ti rí ní ìbàdí ọlọ́pàá dà bí ohun ìṣeré ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Irin rẹ̀ nípọn láti òkè dé ìdí, ẹnu rẹ̀ gbòòrò, igi tí ọwọ́ ń dì mú jẹ́ igi ayan tó ń dán. Láàárín rẹ̀, irin roboto kan wà tó ń yí, ihò mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, ihò kan fún ọta kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òòlù kékeré kan wà, ó tẹ̀ bí ìka arúgbó.

"Kì í ṣe ìbọn oníwàǹwára," ni Ìyá Arọ wí. "Àwọn mìíràn wà, bí o bá ti ń fà wọ́n, wọ́n á máa dún lọ. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ ni wàá kọ́kọ́ fi fa òòlù yẹn sẹ́yìn, kó tó gbà láti yìn. Bó bá yìn tán, wàá tún fà á. Ó ń fún ọ láyè láti ronú láàárín ọta kan sí èkejì. Fi tìrẹ wé e, èyí tí o máa ń wá ẹ̀tù àti ọ̀pá fún."

"Ó wúwo."

"Bí kò bá wúwo, á fò kúrò lọ́wọ́ rẹ, á sì fọ́ ọ léyín. Ọta rẹ̀ ń gba egungun iwájú orí ẹfọ̀n kọjá."

"Ẹ ti rí i?"

"Ọmọ yìí, mo ti fi wó òkè."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín. Ó wù mí. Mo ti ń lo ìbọn láti kékeré, n kò tíì di ohun tó wù mí tó bẹ́ẹ̀ mú. Mo rántí ọ̀pá lẹ́nu ìbọn àbúrò mi. Mo ní, "Èló ni?"

Àwọn ìnàkí rẹ́rìn-ín. Ìyá Arọ ní, "Owó ń yọ́ nínú iná mi. Fún mi ní òkú rẹ."

"Òkú wo?"

"Ọdẹ́níran. Ẹ kò tíì ṣípà rẹ̀. Kò sí nínú ayé, kò sí lọ́dọ̀ àwọn baba yín, kò ní ọ̀gá. Àwọn ẹranko yìí ti sú mi. Ẹni tó ti mọ bí a ṣe ń ti ọ̀pá bọ̀ tí a sì ń fà á yọ láìsinmi, ọwọ́ rẹ̀ á yá nídìí ẹwìrì."

Mo rántí ọkùnrin ẹlẹ́pà náà. Mo mọ ẹni tó máa san án.

"Gbọ́ mi," ni Ìyá Arọ wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Wàá pa ẹfọ̀n náà. Ọ̀nà odò á ṣí. Àbúrò rẹ kò ní í lé ẹran yín mọ́, torí ọ̀dọ̀ mi ni yóò wà. Àwọn ọmọ yín á jẹun. Ìyàwó rẹ̀ á bọ́ aṣọ dúdú. Ta ló pàdánù nínú rẹ̀?"

"Òun."

"Òun ti kú."

"Títí ìgbà wo ni yóò máa fẹ́ iná?"

"Títí iná yóò fi kú."

Ìnàkí kan ní, "Bàbá, iná yìí kì í kú."

Mo rí ojú yín. Ẹ ń rò pé ẹ̀yin ì bá kọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ kò gbọ́ igbe àwọn ọmọ ìlú wa lọ́dún náà. Ẹ kò rí Ìbíwùmí lórí ìkúnlẹ̀. Mo jókòó sórí òkúta, mo gbé ìbọn náà sórí itan, mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Bí mo bá kọ̀ ọ́ tí ẹfọ̀n pa mí, àwa méjì la ó máa rìn níwájú àwọn ọdẹ ìlú. Bí mo bá rà á, gbogbo ènìyàn ló rí ire, àfi ọmọ ìyá mi. N kò rí ọ̀nà kankan tó mọ́.

Ìyá Arọ rí i pé n kò lè pinnu. Ó ní, "Gbé e lọ dán an wò. Yìn ín lẹ́ẹ̀marùn-ún, ọ̀fẹ́ ni. Bí o bá yìn ín lẹ́ẹ̀kẹfà, o ti rà á nìyẹn. Bí o kò bá yìn ín dé ibẹ̀, dá a padà fún mi."

Mo rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Márùn-ún tirẹ̀, ọ̀kan tó wà nínú ìbọn gígùn tèmi. Mo ti gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ láìrà á. Mo rò pé kò sí oníṣòwò tó gbọ́n tó mi láyé. Mo gbé ìbọn tèmi kọ́ èjìká, mo gbé tirẹ̀ lọ́wọ́, mo kí i pé ó dàbọ̀.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí mo dé àbàtà tó gbẹ, níbi tí ẹfọ̀n náà ń sùn. Nítorí ìwúwo ìbọn ìléwọ́ náà, ọwọ́ méjèèjì ni mo nílò, nítorí náà mo gbé ìbọn gígùn mi ti igi àfàrà kan. Ẹfọ̀n náà dìde. Ó tóbi ju bí mo ṣe rò lọ, ìwo kan ṣoṣo tó kù lórí rẹ̀ gùn bí ọrun. Mo fa òòlù, mo yìn ín. Ilẹ̀ mì. Ìbọn náà fò sókè, ó gbá mi níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ bò mí lójú kan. Ọta náà wọ ẹfọ̀n láyà, ó sì ń bọ̀. Mo fà á, mo yìn ín. Igi ló gbà á. Mo tún fà á, mo tún yìn ín, ó fọ́ ọ léjìká. Mo fà, mo yìn, n kò mọ ibi tí ìyẹn lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e gbé etí rẹ̀ lọ pẹ̀lú ojú kan. Ẹfọ̀n náà ké, ó yà, ó wọ inú igbó. Mo gbọ́ igi tó ń ṣẹ́. Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó ti ń yí po.

Márùn-ún ti tán. Ọwọ́ mi kú tipiri. Mo yíjú sí igi àfàrà láti lọ mú ìbọn mi, mo sì rí Ọdẹ́níran tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aṣọ tó fi kú ló wọ̀. Ó ń ti ọ̀pá bọ ẹnu ìbọn kan tí n kò rí, ó ń fà á yọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀," ló wí.

"Ọdẹ́níran."

"Ẹ má wá síbí. Ó jìnnà sí yín jù, ẹfọ̀n náà sì ti fẹ́ jáde lápá ọ̀tún yín. Ẹ yin èyí tó wà lọ́wọ́ yín."

"O mọ iye tí wọ́n ń tà á?"

"Mo mọ̀. Ẹ̀gbọ́n, kí ni mò ń ṣe níbí tó sàn ju kí n máa fẹ́ iná lọ? Ẹ yìn ín. Ẹ rò ti Ìbíwùmí. Ẹ rò ti ara yín."

"Ẹ̀rù kò bà ọ́?"

"Ẹ̀rù kì í ba òkú."

"Irọ́ lò ń pa fún mi. Ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni, ọ̀pá náà ń lu ìbọn tí n kò rí kẹ́kẹ́kẹ́. Ó ní, "Ẹ yìn ín, ẹ jọ̀ọ́," ohùn rẹ̀ sì kéré bí ìgbà tó wà lọ́mọdé, tó ń purọ́ pé ebi kò pa òun kí èmi lè jẹ ẹ̀bá tó kù.

Ẹfọ̀n náà jáde lápá ọ̀tún mi. Mo gbé àtàǹpàkò lé òòlù. Ìyá Arọ ti sọ òtítọ́, ìbọn náà ń fún ènìyàn láyè láti ronú. Mo ronú. Mo yọ àtàǹpàkò mi kúrò. Mo gbé odidi ìbọn náà sókè, mo sì sọ ọ́ lu ẹfọ̀n náà lójú tó kù bí ẹni sọ òkò. Ẹ wò ó, àwọn ọta rẹ̀ kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ẹranko náà ṣubú sórí eékún, ó mi orí rẹ̀, ó ń wá mi. Mo ti dé ìdí àfàrà. Mo gbé ìbọn mi, mo dúró títí èémí rẹ̀ fi gbóná mọ́ mi láyà, mo sì yìn ín sábẹ́ etí. Ó kú. Ṣùgbọ́n kó tó kú, ó ti fi ìwo rẹ̀ kàn mí mọ́ igi. Apá ọ̀tún mi yìí tí kì í gòkè, ibẹ̀ ló ti rí bẹ́ẹ̀.

Ọdẹ́níran kò lè ràn mí lọ́wọ́. Ó dúró, ó ń wò mí títí mo fi fa ara mi yọ. Mo rá lọ sí ibùsùn ẹfọ̀n náà, mo rí àpò rẹ̀, mo rí ìbọn rẹ̀. Mo fi ọwọ́ òsì fa ọ̀pá náà kúrò lẹ́nu ìbọn. Ó ti há. Mo fi eyín bá ọwọ́ fà á. Nígbà tó jáde, mo wo àbúrò mi. Ọ̀pá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n, kò mọ ohun tó máa fi wọ́n ṣe.

Mo gbé ìbọn Ìyá Arọ padà fún un, torí bí àdéhùn wa ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ mi ń kán sílẹ̀ nínú àgbẹ̀dẹ rẹ̀.

"O kò yìn ín lẹ́ẹ̀kẹfà," ló wí.

"N kò rà á."

"O ti sọ ọ́ mọ́ nǹkan."

"Ojú ẹfọ̀n ni. Ó wúwo dáadáa, Ìyá. N kò lè sọ pé kò wúlò."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn náà, ó ń yí irin roboto yẹn. Karaun ọta márùn-ún já bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yí i dé ihò kẹfà. Nǹkan kan kò já bọ́. Mo fojú sí i, mo rí iná àgbẹ̀dẹ gba inú ihò náà wá.

"Ọta kò sí níbẹ̀," ni mo wí.

"Kò sí níbẹ̀ rí. Ihò tí òòlù bá sùn lé, a kì í fi ọta sí i, kó má baà yìn fúnra rẹ̀ bó bá já bọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé irú rẹ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ kò sọ fún mi."

"O kò yẹ̀ ẹ́ wò."

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ìbọn tí mo ti yìn láyé mi, ọwọ́ èmi fúnra mi ló kì í. Kò sí nínú orí mi rárá pé kí n yẹ inú ìbọn wò kí n tó gbé e. Mo bi í pé, "Ká ní mo yìn ín ńkọ́?"

Ó nawọ́ sí àwọn ìnàkí náà. "Méjì ni wọ́n. Pẹ̀lú ìbọn òfìfo, ẹfọ̀n ì bá pa ìwọ náà. Ẹ̀yin méjì ni mò ń retí."

Àwọn ìnàkí náà wo ara wọn. Wọ́n padà sídìí ẹwìrì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí egbò mi san díẹ̀, a ṣípà Ọdẹ́níran. Ọ̀sán gangan ni. A fi igi ṣe èèyàn, a wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù ìgbẹ́ rẹ̀, a gbé àpò kọ́ ọ lọ́rùn, a gbé ìbọn rẹ̀ tì í. Baba Ọdẹ́tẹ̀dó ní kí n sun ìrèmọ̀jé fún un, torí èmi ni ẹ̀gbọ́n. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde kò pọ̀. Mo ní, "Ọdẹ́níran, ọmọ ìyá mi, iṣẹ́ ti parí. Máa lọ." Baba ní ó tó. Gbogbo ọdẹ kọ̀yìn sí igbó, a kọjú sílé, bí àṣà wa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn. Ìbíwùmí wà níwájú wa, ó ti ń tú gèlè dúdú.

N kò bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún nínú ewé gbígbẹ, ó ń lọ. Mo rò pé yóò dúró díẹ̀ létí igbó, pé yóò pè mí. Kò dúró. Ṣe ló ń sáré.